Fọ́tò Tí Mtisunge Gé

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn tó mọ Mtisunge Kachingwe ní ìlú Limbe lè fi ọ̀rọ̀ yìí búra, torí pé ojú tó fi ń rí ẹlòmíràn kedere kò ràn án lọ́wọ́ láti rí ara rẹ̀ lọ́dún tí ìfẹ́ mú un.

Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ọjọ́ ìbí. Àwọn tó fẹ́ kí ayé fi iṣẹ́ mọ̀ wọ́n ló ń wá a. Lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni, obìnrin tó ń tọ́jú eyín ni, ọkùnrin tó ń gbin olú sínú yàrá ni. Gbogbo wọn fẹ́ fọ́tò tí wọ́n lè gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí oníbàárà á rí, tí ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Yàrá kan péré ló fi bẹ̀rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ìṣó àti ọ̀dà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, yàrá kan ti di mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ sì ti dé Lilongwe.

Òfin kan ló gbé e débẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: A KÌ Í FI OHUN ÀYÁLÒ YA FỌ́TÒ NÍBÍ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó ya oníṣòwò kan tó fara ti mọ́tò olówó ńlá. Mọ́tò náà kì í ṣe ti oníṣòwò. Ẹni tó ni ín rí fọ́tò ọ̀hún, ó sì pariwo rẹ̀ fáyé gbọ́, odindi oṣù kan ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní Blantyre, wọ́n rín oníṣòwò, wọ́n rín onífọ́tò. Láti ọjọ́ náà, kóòtù ẹlòmíràn tàbí ọ́fíìsì ẹlòmíràn kò wọ inú kámẹ́rà rẹ̀ mọ́. Kó tó ya ènìyàn, á kọ́kọ́ lọ jókòó síbi iṣẹ́ ẹni náà ní odindi òwúrọ̀ kan láìgbé kámẹ́rà sókè. Ó ní ojú tí ènìyàn ń ṣe fún kámẹ́rà kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ní oṣù Keje, lásìkò òjò chiperoni tí kì í rọ̀ tí kì í sì í dá, ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, omi ń kán lára fìlà rẹ̀. Tionge ló bá níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ọ̀rẹ́ Mtisunge ni láti ilé-ìwé, òun ló sì ń bá a kọ orúkọ àwọn oníbàárà.

"Ẹ káàárọ̀ o. Limbani Chipojola lorúkọ mi, láti Ndirande. Lọ́yà tẹ́ ẹ yà lóṣù tó kọjá ló júwe yín fún mi. Mo fẹ́ ya fọ́tò iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, ọ̀gá?"

"Káfíńtà ni mí."

"Àga àbí bẹ́ẹ̀dì?"

"Mo ń kan bẹ́ẹ̀dì tí ọjà bá dúró. Pósí gan-an niṣẹ́ mi."

Tionge rọra fa ife tíì rẹ̀ sún mọ́ra.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí," ni Limbani wí. "N kì í fojú wọn ènìyàn. Tépù ni mò ń lò."

Mtisunge, tó wà ní yàrá inú, bú sẹ́rìn-ín. Ó jáde láti wo ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ó ní kó jókòó, ó bi í léèrè ohun tí oníṣẹ́ pósí fẹ́ fi fọ́tò ṣe.

"Ọjọ́ tí ènìyàn bá máa wá mi, omijé ò ní jẹ́ kó ríran," ni Limbani dáhùn. "Ẹni àkọ́kọ́ tó bá di apá ẹ̀ mú létí títì ló máa bá lọ, ohunkóhun tó bá sì fún un ló máa gbé. Mo fẹ́ kí wọ́n ti mọ̀ mí kí ọjọ́ yẹn tó dé, bí wọ́n ṣe ń mọ dókítà."

Mtisunge kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun á wá jókòó tì í lọ́jọ́bọ̀.

*

Ní Ndirande, àwọn oníṣẹ́ pósí tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pákó àti rándà ń ké láti òwúrọ̀. Mtisunge jókòó sórí ìtì igi kan nínú ṣọ́ọ̀bù Limbani, ó fi aṣọ ìró chitenje bo ẹsẹ̀ nítorí òtútù. Kò tíì pẹ́ tí ìyá àgbàlagbà kan fi dé, ó mú okùn tí wọ́n ta ní kókó lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ṣaláìsí lóru. Okùn náà ni gígùn ọkọ.

"Ta ló wọ̀n ọ́n, Màmá?" ni Limbani bi í.

"Ọmọ mi ni."

Limbani gbé rándà sílẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi kọ́ sára ìṣó, ó sì tẹ̀lé ìyá náà gun òkè lọ. Ó tó wákàtí kan kó tó padà.

"Wọ́n ti mú okùn wá fún yín," ni Mtisunge wí. "Kí lẹ tún lọ fúnra yín fún?"

"Okùn máa ń parọ́. Ẹni tó ń sunkún ò lè wọn nǹkan kó pé." Ó ti mú rándà, kò wo ojú rẹ̀. "Tí mo bá kan bẹ́ẹ̀dì tó kúrú, ẹ máa dá a padà, ẹ máa bú mi. Èyí, ta ló máa dá a padà?"

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú Mtisunge. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹni mọ̀ pé ibà ń bọ̀, ẹ̀rù sì bà á, torí ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì rò pé òun ti kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà. Limbani tẹ̀ba sórí bẹ́ẹ̀dì kan tó ń dán, ọwọ́ rẹ̀ nà lórí pákó, pósí mẹ́ta sì dúró lóòró lẹ́yìn rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Kò ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí oṣù méjì tó pé, ẹgbẹ́ ìsìnkú ìjọ mẹ́ta ti rí i lórí fóònù, wọ́n sì ní Limbani ni káwọn èèyàn wọn máa bá.

Ó wá láti dúpẹ́, ó mú mandasi, àkàrà ìyẹ̀fun dídín, wá nínú bébà ní gbígbóná. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ó tún mú òmíràn wá, bẹ́ẹ̀ ló ń mú un wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì títí Tionge fi ní òun ti ń sanra lórí ìfẹ́ ẹlòmíràn. Ó tún fèrèsé tí kò tì dáadáa ṣe. Ó fún un ní àga kékeré kan tí oníbàárà á máa jókòó lé. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, tí wọ́n jẹ nsima àgbàdo àti ẹja usipa tán, Limbani nu ọwọ́, ó ní:

"N ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ létí títì nígbà tí o ò tíì kúrò ní Limbe. Ó ti ń di àìsàn. Ṣé kí n rán Fosa, àbúrò ìyá mi, sí ilé yín?"

"Rán an," ni Mtisunge dáhùn. Inú rẹ̀ dùn dé ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí Malume, ìdùnnú náà sì dì mọ́ ọn láyà.

*

Malume ni gbogbo ilé ń pe Saizi, ẹ̀gbọ́n ìyá Mtisunge lọ́kùnrin. Bàbá Mtisunge ti padà sí abúlé tirẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Bí ìyá bá tilẹ̀ wà, ẹnu ẹ̀gbọ́n ìyá náà ni ìgbéyàwó ń gbà wọlé lọ́dọ̀ wọn. Òun ni alárinà ìhà obìnrin. Tí kò bá gba àkùkọ lọ́wọ́ alárinà ìhà ọkùnrin, kó sì fún un ní àgbébọ̀ ní ìdáhùn, ìgbéyàwó ò sí.

Ọgbọ̀n ọdún ni Malume fi wọn ewé tíì ní oko tíì kan ní Thyolo kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ lórí òṣùwọ̀n, òun náà kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó kórìíra àwọn oníṣẹ́ pósí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá Mtisunge, tí ọkọ̀ bá fẹ́ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kọjá, á bọ́ sílẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀yìn. Igún ló ń pè wọ́n. Mtisunge rò pé ìbànújẹ́ ni, pé ojú rẹ̀ kò fẹ́ rí ohun tó gbé àbúrò rẹ̀ lọ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Mtisunge máa lọ bá Malume ní Thyolo, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní fọ́tò nìkan ni òun fẹ́ wò. Ó fa etí ọ̀tún fọ́tò náà wọlé díẹ̀, pósí kan lọ. Ó tún fà á, èkejì lọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta lọ, Limbani ló kù, òun àti bẹ́ẹ̀dì dídán. Òfin ara ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó ní òun kò yá nǹkan kan, òun kàn yọ nǹkan ni. Ó tẹ ẹ̀dà méjì.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" ni Malume bi í lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n mu tíì.

"Káfíńtà ni, Malume."

"Káfíńtà oríṣi wo?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń tún un sọ lọ́kàn nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ó ti na fọ́tò sí i.

Malume nà án jìnnà sí ojú, bí àgbà ṣe ń ṣe. Ó wò ó pẹ́.

"Igun bẹ́ẹ̀dì yìí ṣe régé. Wo ọwọ́ ẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹni tó ń fi iṣẹ́ ṣeré." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ohun tí Mtisunge kò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹni tó ń kan bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ló ń pè wá sílé ayé. Àwọn igún Ndirande lọ́hùn-ún ńkọ́? Kí èèyàn kú ni wọ́n ń gbàdúrà sí. Fọ́tò yìí á wà lọ́wọ́ mi. Sọ fún alárinà wọn kó máa bọ̀."

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ láti Thyolo dé Limbe, gbólóhùn tí kò sọ ló ń tún sọ lọ́kàn.

*

Limbani wá lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti mandasi rẹ̀. Tionge, tí kò mọ nǹkan kan, ti gbé ẹ̀dà kejì sórí tábìlì láti fi sínú férémù. Limbani gbé e. Ó wò ó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Níbo ni ìyókù wà?"

"Ìyókù kí ni?"

"Ìyókù mi."

Tionge dìde, ó ní òun ń lọ ra ṣúgà. Ṣúgà wà nílẹ̀.

"Malume kò fẹ́ràn..." Mtisunge bẹ̀rẹ̀. "Tó bá ti mọ̀ ọ́, tó bá ti fẹ́ràn rẹ, a máa sọ fún un. Mo kàn ń wá ọ̀nà tí wàá gbà wọlé ni."

"Ta ló wọlé? Ẹni tó wà nínú èyí, n ò mọ̀ ọ́n." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Oníbàárà tó bá fẹ́ yá táì lásán, o máa ń lé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí. Ṣé ojú ń tì ọ́ nítorí mi ni?"

"Rárá."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Limbani gbé fọ́tò sílẹ̀, ó rọra ṣe é kó dọ́gba pẹ̀lú etí tábìlì. "Fosa á lọ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, torí mo ti ní kó lọ. O mọ̀ pé àṣà ò gbà kí ẹni tó ń wá ìyàwó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́ máńgòrò ni n máa jókòó sí, tí n ó máa wolẹ̀ bí ẹni jalè. N ò ní tú ọ fó. Ṣùgbọ́n n ò ní gbé inú fọ́tò yìí títí ayé mi, Mtisunge. Kò gbà mí."

Ó lọ, ó fi mandasi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Mtisunge ya ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ kan, ó gbàgbé láti ṣí ìdérí kámẹ́rà. "Tí mo bá sọ ọ́, Malume á lé wọn," ni ó wí fún Tionge. "Tí n ò bá sọ ọ́, Limbani á lọ. Ọ̀nà wo ni kí n gbà?"

"Èmi tí ò rí ọkọ fẹ́ lò ń bi," ni Tionge dáhùn. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó rọ ohùn. "Gbọ́ mi. Irọ́ yẹn ò tíì pé oṣù kan tó fi ń gbà ọ́ lóorun. Ṣé wàá lè gbé e fún ogójì ọdún?"

*

Ọjọ́ Àìkú dé. Fosa, alárinà Limbani, wọ kóòtù tó fẹ̀ jù ú lọ, ó jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ Malume pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Limbani wà níta, lábẹ́ máńgòrò.

"A rí àgbébọ̀ kan nínú agbo yín," ni Fosa wí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, "àkùkọ tiwa ò sì jẹ́ ká sùn mọ́."

"Irú àkùkọ wo nìyẹn?" ni Malume dáhùn, inú rẹ̀ dùn. Ó ti fi fọ́tò sápò àyà. Ó yọ ọ́. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Èmi ti mọ̀ ọ́n. Oníbẹ́ẹ̀dì ni."

Fosa wo fọ́tò, ó ṣẹ́jú. Fosa tó ń tẹnu bọ gbogbo ọ̀rọ̀ yíjú sí ìta, níbi máńgòrò.

"Ẹ pe ọmọbìnrin wá," ni Malume pàṣẹ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi ọmọbìnrin lọ́jọ́ náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń retí. Mtisunge kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Mtisunge, ṣé o mọ àwọn àlejò wọ̀nyí?"

"Mo mọ̀ wọ́n, Malume."

"Ó dára. Ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ wá ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ìyẹn kò sí nínú àṣà, ayọ̀ ló jẹ́ kí Malume fi kún un. Mtisunge wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lọ́wọ́ yín yẹn kọ́."

Ó tú etí chitenje rẹ̀, ó yọ fọ́tò náà ní odindi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Malume nà án jìnnà sí ojú. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọwọ́, ojú rẹ̀ dé apá ọ̀tún. Ojú rẹ̀ le.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni."

"Òun ló ní kó o gé e?"

"Rárá, Malume. Òun ló bínú sí i. Ó ní kò gba òun."

Malume to fọ́tò méjèèjì léra, ó fi wọ́n sápò. "Fosa, ẹ máa lọ sílé. Ilé yìí ò tíì ní ìdáhùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni Fosa wí, ẹnu rẹ̀ ti padà, "ṣé bẹ́ẹ̀ni ni àbí bẹ́ẹ̀kọ́, kí n mọ èyí tí n máa rù?"

"Ẹ ru ara yín."

Nígbà tí wọ́n jáde, Limbani dìde lábẹ́ máńgòrò. Òun àti Mtisunge wo ara wọn lójú lókèèrè. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣí fìlà rẹ̀ fún un kó tó tẹ̀lé wọn.

*

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Malume kò fi gbé fóònù. Mtisunge lọ sí Thyolo lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó lọ sí oko. Ó tún tẹ odindi fọ́tò náà, ó fi kọ́ síbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, ní ìdojúkọ àtẹ̀gùn, tó fi jẹ́ pé pósí mẹ́ta ni oníbàárà á kọ́kọ́ rí. Tionge ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n kó ẹrù sílé ni. Lóòótọ́, obìnrin kan dé orí àtẹ̀gùn, ó yí padà, kò sì bọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan tó wá ya fọ́tò dúró níwájú rẹ̀ títí, ó ní, "Ọkùnrin yìí ló wọn bàbá mi. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé."

Limbani ń wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ń mú mandasi wá, ṣùgbọ́n kò jókòó pẹ́. "N ò lọ síbì kankan," ni ó wí nígbà tí Mtisunge bi í. "Àmọ́ kí ilé yín kọ́kọ́ pè mí lọ́mọ. N ò fẹ́ gba fèrèsé wọlé." Bó bá ti lọ tán, Mtisunge á máa ro ó bóyá ìdágbére ló ń kọ́ òun díẹ̀díẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ìrètí rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i.

Ní Ọjọ́rú kan, fóònù dún. Limbani ni.

"Malume rẹ wà níbí."

"Níbo?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti dé láti aago méje, orí ìtì igi yẹn ló jókòó sí. Ó ní òun gbọ́ pé báyìí lo máa ń ṣe. Ó ní kó o mú kámẹ́rà dání."

Kò mọ bó ṣe dé Ndirande. Malume jókòó lóòótọ́, fìlà lórí orókún, àárín àwọn pósí. Limbani dúró lójú kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Mo bá a lọ wọn ẹnì kan láàárọ̀ yìí," ni Malume wí, láìkí i. "Wọ́n ti mú okùn wá fún un. Kò gbà á. Ó lọ fúnra ẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì." Ó gbé ojú sókè sí i. "Mtisunge, ìyá ẹ ga."

"Mo mọ̀, Malume."

"Ohun tí o ò mọ̀ nìyí. Pósí tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà kúrú. Ẹni tó kàn án ò wá wò ó, ó ní obìnrin ni, obìnrin kì í ga. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn èèyàn ti pé síbi sàréè. Èmi ni mo ká ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọwọ́ tèmi yìí. Ọdún mẹ́jọ rèé, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wọn nǹkan."

Mtisunge kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ìyẹ̀ pákó, ó di ọwọ́ náà mú, ó sunkún. Malume jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Limbani.

"Ìwọ. Gbé tépù ẹ. Wọ̀n mí."

Limbani sún sẹ́yìn. "Malume, a kì í wọn alààyè."

"Lọ́jọ́ tí mo bá kú ńkọ́, ṣé àjèjì ló máa wọ̀n mí?"

"Ẹni tó bá jẹ́ ti ilé ni kó wọ̀n yín."

"Ó dáa. Sọ fún Fosa ẹlẹ́nu mímú yẹn kó gbé àkùkọ ẹ̀ wá ní Sátidé. Kó sanra o. Àgbébọ̀ tèmi ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń jẹ mí lágbàdo."

Limbani jókòó lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé okùn ẹ̀. Ó bo ojú. Nígbà tó ṣí i, Mtisunge ló ń wò, ojú tó fi ń wò ó sì ni ti oṣù Kọkànlá.

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kó yà wá," ni Malume wí. Ó fa kóòtù rẹ̀ tọ́, ó dúró ti Limbani níwájú àwọn pósí, ó na ọrùn.

Mtisunge nu ojú, ó gbé kámẹ́rà. Bó ti mọ́ ọn lára, ó sún mọ́ wọn, láti orí dé àyà.

"Ṣé ẹsẹ̀ mi wà nínú ẹ̀?" ni Malume bi í.

"Kò sí, Malume."

"Jẹ́ kó wọlé."

Ó sún sẹ́yìn, ó tún sún sẹ́yìn, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sójú títì, kí ẹsẹ̀ Malume lè wọ inú fọ́tò náà tán.